Orí Keje: Yíyan Fíláàṣì fún Fọ́tò Àwọn Ohun Tín-ín-tín

Ní orí tó ṣáájú èyí, a sọ̀rọ̀ nípa lẹ́ńsì tó ń mú kí àwòrán ohun kékeré tóbi lórí sẹ́ńsọ̀ ju bí nǹkan ọ̀hún ṣe rí gan-an lọ. Bí kòkòrò kan bá gùn ní mìlímítà 3, tí àwòrán rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ sì gùn ní mìlímítà 15, ìlọ́po 5 nìyẹn, a sì máa ń kọ ọ́ báyìí: 5:1. Lẹ́ńsì Canon MP-E 65mm tó jáde lọ́dún 1999 ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ jù. Láti 1:1 dé 5:1 nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò ṣeé fi ya ènìyàn, kò sì ṣeé fi ya ilé.

Ìmọ́lẹ̀ ló kù tí a kò tíì fọwọ́ kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ayafọ́tò ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á ra lẹ́ńsì olówó ńlá, wọ́n á wá gbé fíláàṣì tí wọ́n fi ń ya ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó lé orí kámẹ́rà. Fọ́tò tó bá jáde á funfun báláú níbì kan, á sì dúdú kirikiri níbòmíràn. Bí a bá ń ra fíláàṣì fún iṣẹ́ òde, agbára rẹ̀ la máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Fún fọ́tò ìlọ́po ńlá, agbára ló yẹ ká bèèrè kẹ́yìn. Kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí iná rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó nígbà tí a bá dín in kù, kí ẹ sì bèèrè bí orí rẹ̀ ṣe lè sún mọ́ kòkòrò tó.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń sọnù

Bí lẹ́ńsì bá ṣe ń mú nǹkan tóbi sí i ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dé sẹ́ńsọ̀ ń dín kù, nítorí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ni yóò tàn ká ibi tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi 1 kún ìlọ́po, kí ẹ fi èsì rẹ̀ sọ nọ́ńbà f tó wà lójú kámẹ́rà di púpọ̀. Èyí tó bá jáde ni nọ́ńbà f gidi. Ní 5:1, f/5.6 lójú kámẹ́rà jẹ́ 5.6 × 6, ìyẹn f/33.6. Ìmọ́lẹ̀ tó dé sẹ́ńsọ̀ á wá jẹ́ ìdá kan nínú 36 èyí tí ì bá dé ibẹ̀ ká ní ohun tó wà lọ́nà jíjìn la ń yà. Ní 1:1 pàápàá, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń kù.

Ẹnì kan lè ní kí a kúkú ṣí ojú lẹ́ńsì sílẹ̀ gbayawu. Bí a bá ṣí i dé f/2.8 ní 5:1, ibi tí yóò mú dáadáa nínú fọ́tò, láti iwájú lọ sẹ́yìn, kò ju nǹkan bíi 0.05 mìlímítà lọ. Irun kan lára kòkòrò á hàn, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á pòórá. Bí a bá sì pa ojú lẹ́ńsì dé f/16, ibi tó mú á fẹ̀ dé nǹkan bíi 0.27 mìlímítà, ṣùgbọ́n f/96 gidi nìyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú ihò tóóró bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń fọ́n ká. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo á di òbìrí tó fẹ̀ tó 0.13 mìlímítà lórí sẹ́ńsọ̀, fọ́tò náà látòkè délẹ̀ á sì ṣe bàìbàì. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń dúró sí àárín f/4 sí f/5.6 bí wọ́n bá ti dé 5:1.

Kòkòrò tó ń rìn

Ẹ jẹ́ ká mú kòkòrò ẹ̀wà, èyí tó máa ń rìn jáde nínú àpò ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílé. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 sí 3.5 lọ. Ká ní ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, mìlímítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 5:1, àwòrán rẹ̀ ń sáré mìlímítà 50 lórí sẹ́ńsọ̀ láàárín àkókò kan náà, torí pé ohun tó mú ara rẹ̀ tóbi ló mú ìrìn rẹ̀ yára. Bí ṣọ́tà bá ṣí fún 1/200 ìṣẹ́jú àáyá, àwòrán náà ti yẹ̀ ní 0.25 mìlímítà. Lórí sẹ́ńsọ̀ tí píksẹ́lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 0.006 mìlímítà, ó ti gun orí píksẹ́lì bí 40 kọjá. Kò sí irun kankan lára rẹ̀ tó máa hàn. Kò sì dìgbà tí kòkòrò bá rìn. Èémí ẹni tó di kámẹ́rà mú, atẹ́gùn tó fẹ́ ewé, ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá lórí ilẹ̀ onípákó, ìlọ́po 5 ń sọ gbogbo wọn di ńlá.

Fíláàṣì ló ń gbani lọ́wọ́ èyí, kì í ṣe ṣọ́tà. Nínú fíláàṣì kékeré òde òní, bí a bá dín agbára kù, iná náà kì í rọlẹ̀. Ńṣe ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń gé e kúrú kó tó jó tán. Ìwé tí Nikon fi sínú páálí fíláàṣì SB-800 fi èyí hàn kedere. Ní agbára kíkún, iná rẹ̀ ń tàn fún 1/1050 ìṣẹ́jú àáyá. Ní agbára 1/4, ó di 1/2700. Ní 1/16, ó di 1/10900, ní 1/128 ó sì di 1/41600. Ẹ padà sọ́dọ̀ kòkòrò ẹ̀wà wa. Láàárín 1/10900 ìṣẹ́jú àáyá, àwòrán rẹ̀ kò lè yẹ̀ ju 0.0046 mìlímítà lọ, èyí kò sì tó fífẹ̀ píksẹ́lì kan. Kòkòrò náà ń rìn, fọ́tò ò mọ̀.

Ohun méjì ló lè ba èyí jẹ́. Èkíní ni ètò tí wọ́n máa ń kọ HSS sí lára fíláàṣì, tó ń jẹ́ kí ṣọ́tà yára kọjá ibi tí òun àti fíláàṣì ti lè jọ ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yẹ, ìyẹn 1/200 tàbí 1/250 lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Nínú ètò yìí, iná náà á máa ṣẹ́jú léraléra títí ṣọ́tà yóò fi kọjá tán, kò sì ní jẹ́ ìmọ́lẹ̀ kúkúrú kan ṣoṣo mọ́. Ẹ pa á. Èkejì ni oòrùn. Ní f/33.6 gidi, ISO 100 àti 1/200, oòrùn ọ̀sán gangan ṣì lè mú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìmọ́lẹ̀ tí fọ́tò nílò wọlé. Ìyẹn tó láti fi òjìji kòkòrò tó ń rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀ tó mú dáadáa. Bí ẹ bá ń yà á nínú oko, ẹ fi ara yín tàbí agbòjò ṣíji bò ó, kí ó lè jẹ́ pé fíláàṣì nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Agbára wo ló tó?

Fíláàṣì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí a fi ń mọ agbára rẹ̀. Ti SB-800 jẹ́ 38 ní ISO 100 nígbà tí a bá fi mítà wọn ọ̀nà. Bí a bá fi iye mítà tó wà láàárín fíláàṣì àti ohun tí a ń yà pín nọ́ńbà yìí, nọ́ńbà f tí ó lè tàn dé ló máa jáde. Ẹ fi í sí sẹ̀ǹtímítà 10 sí kòkòrò: 38 ÷ 0.1 jẹ́ 380. Ìyẹn f/380! Àwa kò nílò ju f/33.6 lọ. Bí a bá fi 33.6 pín 380, tí a sì sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ nípa ara rẹ̀, a ó rí 128. Fíláàṣì yìí ní ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po 128 èyí tí a ń wá, nítorí náà agbára 1/128 tó o.

Ṣùgbọ́n iná tí a kò fi nǹkan kan bò nìyẹn, a kò sì ní lò ó bẹ́ẹ̀. Ká ní ohun tí a fi bò ó gba ìdá méje nínú mẹ́jọ ìmọ́lẹ̀ náà, a ó gbé agbára sókè dé 1/16, a ó sì wà ní 1/10900 ìṣẹ́jú àáyá tí a ṣírò lókè. Bí a bá gbé ISO lọ sí 400, agbára á tún lọ sílẹ̀ dé 1/64, SB-800 á sì tàn fún 1/32300 péré. Àfojúbù ni ìṣirò yìí, nítorí pé ní sẹ̀ǹtímítà 10, ojú fíláàṣì fẹ̀ jù láti kà á sí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan. Síbẹ̀ ó tó láti fi hàn pé kò sí ìdí láti san owó ńlá lórí fíláàṣì alágbára. Èyí tó bá lè lọ sílẹ̀ dé 1/128 dára ju èyí tó lágbára ní ìlọ́po méjì àmọ́ tí kò lè lọ sílẹ̀ ju 1/16 lọ.

Ẹ fi ọwọ́ ṣètò agbára rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti máa pinnu. Èèrà dúdú lórí ewé funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Ní 5:1, àlàfo tó wà láàárín MP-E 65mm àti kòkòrò kì í yí padà: nǹkan bíi mìlímítà 41 ni. Bí fíláàṣì bá ti wà lára lẹ́ńsì, òun náà kò ní jìnnà sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ètò tó bá dára fún kòkòrò kan ní àárọ̀ ṣì máa dára fún òmíràn ní ìrọ̀lẹ́.

Ojú iná

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé. Ẹ̀yìn èèrà dúdú, ara yímíyímí, ojú eṣinṣin, gbogbo wọn ló ń dán, wọ́n sì yọ gọngọ síta. Ohunkóhun tó bá wà níwájú wọn ni wọ́n ń gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Bó bá jẹ́ iná kékeré kan ló wà níbẹ̀, àmì funfun kan á ta sí ẹ̀yìn èèrà náà, a kò ní rí ohunkóhun nínú àmì yẹn, ìyókù ara rẹ̀ á sì wà nínú òkùnkùn. Kọ̀ǹpútà kò lè tún un ṣe, torí pé ohun tí sẹ́ńsọ̀ kò rí kò sí nínú fáìlì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ yín dára, ẹ̀yìn èèrà ni kí ẹ wò: àwòrán iná yín ló wà níbẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán ń fa òjìji tó dúdú tó sì létí. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run, òjìji fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Oòrùn kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ṣe fẹ̀ tó lójú ẹni tó wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ ìkùukùu yìí ni dífúsà, ìyẹn ohun tí a fi ń bo iná, ń ṣe fún fíláàṣì, bí dífúsà náà bá sì ṣe fẹ̀ tó lójú kòkòrò ló ṣe pàtàkì, kì í ṣe bí ó ṣe fẹ̀ tó lọ́wọ́ wa. Pépà funfun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí a gbé sí sẹ̀ǹtímítà 5 sí èèrà, gba ìwọ̀n igun 90 lójú èèrà náà. Sọ́fítíbọ́ọ̀sì sítúdíò tó fẹ̀ ní mítà kan, tí a gbé sí mítà méjì, kò gbà ju ìwọ̀n 28 lọ. Pépà yẹn ló borí, kò sì wọ́n.

Ẹ má lẹ pépà náà mọ́ ojú fíláàṣì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn, mo sì ń rí i lára dífúsà tí wọ́n ń tà lọ́jà pàápàá. Bí dífúsà bá lẹ̀ mọ́ ojú iná, ojú iná ṣì kéré bó ṣe wà. Ìmọ́lẹ̀ kàn dín kù ni. Ó gbọ́dọ̀ ní àlàfo tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti fẹ̀ kó tó kan pépà, kí gbogbo ojú pépà náà lè tàn bákan náà. Bí ẹ bá lè fi ìpele méjì sí i, ọ̀kan nítòsí fíláàṣì, èkejì nítòsí kòkòrò, àbájáde rẹ̀ á tún dára sí i. Tíréésìn pépà, abọ́ ike funfun, fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di àwo sínú páálí, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ya pépà funfun pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń yí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ padà.

Fún ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé lèyí, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ìwádìí USGS ní ibi ìwádìí kan tó ń tọpa oyin igbó orílẹ̀-èdè náà, èyí tí Sam Droege darí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fọ́tò oyin àti kòkòrò mìíràn tí wọ́n ti gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ lọ jàra, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń lò wọ́n. Wọ́n máa ń kọ ohun tí wọ́n lò sábẹ́ fọ́tò: lẹ́ńsì MP-E 65mm, f/5.0, ISO 100, ṣọ́tà 1/200, fíláàṣì olójú méjì. Kí ni wọ́n fi fíláàṣì náà sí? Inú kúlà funfun tó fúyẹ́, irú èyí tí a fi ń gbé ohun tútù. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà ni, wọn kò sì wá ohun tó ju kúlà lọ, nítorí pé ara funfun rẹ̀ ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sára oyin láti ìhà púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe àṣejù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wá láti ibi gbogbo bákan náà, ẹ̀yìn kòkòrò á tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ àti ìlà tó wà lára rẹ̀ kì í hàn bí kò bá sí òjìji díẹ̀ nínú wọn. Levon Biss, ayafọ́tò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe àfihàn Microsculpture ní ilé ìtọ́jú ohun àdánidá ti Yunifásítì Oxford lọ́dún 2016, pín ara kòkòrò kọ̀ọ̀kan sí nǹkan bí ọgbọ̀n ibi, ó sì ń tún fíláàṣì tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ibi kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò tó kó jọ fún kòkòrò kan máa ń tó 8,000 sí 10,000. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ńlá kan wá láti òkè, kó tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì tẹ́ pépà funfun sísàlẹ̀ kí ikùn kòkòrò má baà ṣókùnkùn.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ohun tí ẹ ń yà. Ohun tó wà ní mítà kan sí fíláàṣì ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tí kòkòrò tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 ń gbà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ fọ́tò báyìí fi ń dúdú bí òru. Ẹ ki ewé kan sẹ́yìn kòkòrò náà, nítòsí.

Ohun tó wà lọ́jà

Fíláàṣì olórùka ló ń yọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn bí wọ́n bá ti gbọ́ nípa fọ́tò ohun kékeré. Lester Dine ló ṣe é lọ́dún 1952 fún àwọn oníṣègùn eyín, iṣẹ́ yẹn ló sì bá mu títí dòní. Inú ẹnu jẹ́ ihò, ìmọ́lẹ̀ tó bá wá láti ẹ̀gbẹ́ kan á fi ẹ̀gbẹ́ kejì sínú òkùnkùn, nítorí náà ó dára kí iná yí lẹ́ńsì ká. Fún kòkòrò, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á. Ó ń pa òjìji tó yẹ kó fi ara kòkòrò hàn, ó sì ń fi òrùka funfun sí gbogbo ohun tó bá ń dán.

Fíláàṣì olójú méjì sàn jù ú lọ fíìfíì. Canon ṣe MT-24EX, wọ́n sì tún ṣe MT-26EX-RT lọ́dún 2017. Nikon ní R1C1. Orí méjèèjì ń dúró létí lẹ́ńsì, a lè sún wọn, a sì lè jẹ́ kí ọ̀kan tàn ju èkejì lọ. Bí wọ́n ṣe ń jáde nílé iṣẹ́, ojú wọn kéré, wọ́n á sì fi àmì funfun méjì sí ẹ̀yìn èèrà dípò ọ̀kan. Dífúsà di dandan fún wọn.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi owó tirẹ̀ ra nǹkan, ìdáhùn mi ni fíláàṣì kékeré kan ṣoṣo, èyí tí a lè fi ọwọ́ ṣètò agbára rẹ̀ dé 1/128, pẹ̀lú irin tó máa gbé e dé iwájú lẹ́ńsì, wáyà tàbí rédíò tó máa so ó mọ́ kámẹ́rà, àti dífúsà àfọwọ́ṣe. Owó tó kù, ẹ fi ra bátìrì.

Ẹ ṣọ́ra fún fíláàṣì ńlá sítúdíò. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ti àtijọ́, bí a bá dín agbára kù, iná rẹ̀ ń pẹ́ sí i ni, kì í kúrú. Ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Iná LED tó ń tàn láìdáwọ́dúró dára fún kòkòrò tó ti kú, nínú yàrá tí ohunkóhun kò ti mì. Bí iná ìjọba ni wọ́n fi ń tan èyí tí kò dára nínú wọn, ó lè máa ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn fọ́tò tí ẹ bá yà tẹ̀ léra wọn kò sì ní mọ́lẹ̀ bákan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí: àwọn fíláàṣì kan tí wọ́n ṣe kí kámẹ́rà òde òní tó dé ń rán iná tó ju vóòtì 200 lọ sínú kámẹ́rà nígbà tí wọ́n bá tàn, èyí sì lè jó kámẹ́rà náà. Kí atúnnáṣe fi mítà wọn ẹsẹ̀ fíláàṣì náà kí ẹ tó kì í bọ orí kámẹ́rà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ní 3:1, ojú kámẹ́rà ń fi f/8 hàn. Kí ni nọ́ńbà f gidi? Ìdá mélòó nínú ìmọ́lẹ̀ ló kù?

2. Èèrà kan ń rìn ní mìlímítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ń yà á ní 3:1, iná fíláàṣì sì ń tàn fún 1/5900 ìṣẹ́jú àáyá. Báwo ni àwòrán rẹ̀ ṣe yẹ̀ tó lórí sẹ́ńsọ̀ tí píksẹ́lì rẹ̀ fẹ̀ tó 0.006 mìlímítà? Agbára wo ni ẹ máa gbé fíláàṣì SB-800 sí kí ó má baà ju píksẹ́lì kan lọ?

3. Ẹ wá ṣíbí tuntun kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ sì wo àmì funfun tó bá hàn níbẹ̀. Ẹ mú tíréésìn pépà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fà á kúrò lára tọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ sún mọ́ ṣíbí, kí ẹ sì ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àmì náà sínú ìwé yín. Iṣẹ́ kẹta yìí ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó na owó kankan lórí fíláàṣì.